Ọgbà Ilé-Kéú Wa Pàápàá, Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ Ni



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ilẹ̀ tó yí ilé-kéú wa ká. A fẹ́ wo bí a ṣe lè sọ ọ́ di ibi tí ọmọ yóò ti kọ́ bí a ṣe ń lo oòrùn, omi, ilẹ̀ àti igi, tí ohun tó kù yóò ṣì tó àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lò.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí ń ṣẹ lójú wa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí òpó iná sólà tó dúró lójú pópó tí kò tàn mọ́. Ìjọba tàbí olóore kan ló gbé e wá. Ó tàn fún ìgbà díẹ̀, bátìrì rẹ̀ kú, eruku bo ojú àwo rẹ̀, kò sì sí ẹnìkan ládùúgbò tó mọ ohun tó ṣe é. Ẹ ó rí kànga-ẹ̀rọ tí nǹkan kékeré kan bàjẹ́ lára rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò sì padà sí odò. Kì í ṣe àìsí owó nìkan ló pa àwọn nǹkan wọ̀nyí. A gbé wọn lé ìlú lọ́wọ́ láìkọ́ ọmọ ìlú kankan ní ìdí iṣẹ́ wọn. Ohun tí a bá sì fi síkàáwọ́ ènìyàn, àmánà ni. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe ṣọ́ àmánà tí kò mọ ìdí rẹ̀?

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á dì mú nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kí á tó ra sólà fún ilé-kéú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ọgbà rẹ̀ di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ń wo nǹkan nínú ọgbà, tó ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, òun ni yóò tọ́jú sólà náà lọ́la.

ABẸ́ IGI NI KÉÚ TI BẸ̀RẸ̀

Kì í ṣe àṣà àlejò ni kí ọmọ jókòó níta kàwé. Kí ó tó di pé a ń fi búlọ́ọ̀kù àti páànù kọ́ ilé-kéú, abẹ́ igi inú ọgbà ààfáà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ wa ti ka kéú. Ẹní ni wọ́n tẹ́, wàláà onígi ni wọ́n gbé lé ẹsẹ̀, òjìji ló sì ń sọ fún wọn pé ìrun ti tó. Igi ni wàláà, igi ni gègé, igi náà ló ṣíji bò wọ́n.

Lónìí, a ti kọ́ ilé tó dára ju ti àtijọ́ lọ, ó sì yẹ kí á dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, nígbà tí a fẹ́ kọ́lé ni a gé igi tó wà níbẹ̀, a kò sì gbin òmíràn dípò. Bí oòrùn ọ̀sán bá dé, páànù a gbóná, ọmọ a máa sùn lórí ìwé. Ìta ṣófo, inú ilé gbóná.

Ní agbègbè tiwa níbí, láti Ayébòdé-Èkìtì dé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, Ọlọ́hun kò fi ilẹ̀ dù wá, kò sì fi òjò dù wá. Kì í ṣòro fún ilé-kéú tó wà ní ìletò láti rí ààyè tó fẹ̀ tó ìdajì pulọ́ọ̀tì. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò lò ó bí ó ti yẹ.

OHUN TÓ BA ORÚKỌ OKO ILÉ-ÌWÉ JẸ́

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, ṣebí oko ilé-ìwé ti wà tipẹ́? Òótọ́ ni. Ní 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló dá oko. Àní ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ṣe ilé-ìwé láyé ìgbà náà léèrè ohun tí wọ́n rántí. Púpọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín pé ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń rán lọ roko, ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń ní kó lọ gé koríko, àgbàdo tó bá sì jáde, ilé olùkọ́ ló ń lọ. Báyìí ni ọmọ ṣe kọ́ pé ìyà ni ilẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́fíìsì ni ọ̀nà àbáyọ.

Bí a bá fẹ́ kí ọgbà ilé-kéú jẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, òfin mẹ́ta ni kí á tẹ̀ lé:

1. A kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ inú ọgbà jẹ ọmọ níyà láé. Kò sí ẹni tí ń fi ìwé kíkà jẹ ọmọ níyà tí ọmọ náà yóò fẹ́ràn ìwé.

2. Ohun tó bá so nínú ọgbà kò gbọdọ̀ lọ sí ilé olùkọ́. Kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ, tàbí kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ọgbà ní ojútáyé.

3. Ohun gbogbo tí a bá gbé sínú ọgbà gbọdọ̀ ní ìbéèrè tí ń dáhùn, ohun tí a ó wọ̀n, àti ibi tí a ó kọ èsì rẹ̀ sí. Bí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oko lásán ni.

IBI TÍ WỌ́N TI ṢE É RÍ

Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí wa. Ìlú yìí ni àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, èdè Yorùbá sì ń dún níbẹ̀ títí dòní. Ní 1985, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, dá ibùdó Songhai sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Ìgbẹ́ ẹran kì í ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n ń kó o sínú kòtò tí a bò pa, gáàsì tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná, omi àti ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù a sì di ajílẹ̀ fún oko. Ohun tó kù nínú oko a tún padà di oúnjẹ ẹran. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kì í kà á nínú ìwé lásán, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀sìn olùdásílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ dára láti kọ́.

Ní Èkó, àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ṣí ọgbà Lekki Conservation Centre ní 1990 lórí hẹ́kítà 78. Wọ́n fi igbó sílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe dá a, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ nípa igi, ẹyẹ àti ẹranko níbi tí wọ́n ń gbé.

Ní orílẹ̀-èdè Niger tó bá wa pààlà ní àríwá, Abdou Moumouni Dioffo, onímọ̀ físíìsì, darí ibùdó ìwádìí agbára oòrùn ní ìlú Niamey. Ẹni yìí kan náà ti kọ ìwé lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ní 1964. Ó kú ní 1991, orúkọ rẹ̀ sì ni Yunifásítì Niamey ń jẹ́ lónìí. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa: ẹni tó ń ronú nípa oòrùn náà ló ń ronú nípa ilé-ìwé.

A kò ní hẹ́kítà 78, a kò sì ní ibùdó ìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́rin wà tí ilé-kéú kékeré lè bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: Ọ̀PÁ ÀTI ÒJÌJI

Ohun èlò rẹ̀ kò ju ọ̀pá mítà kan, òkúta wẹ́wẹ́, ohun ìwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Ẹ ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ lójú gbangba, níbi tí òjìji ilé tàbí igi kò dé. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Láti agogo 11 àárọ̀ títí di agogo 2 ọ̀sán, kí àwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì sí orí òjìji náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Òjìji yóò máa kúrú, yóò dé ibi tó kúrú jù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn yẹn ni oòrùn ti yẹ̀ ní àtàrí, tí ìrun Àìlá sì wọlé. Bí a bá yọ òjìji ọ̀sán gangan kúrò, tí èyí tó kù sì gùn tó ọ̀pá fúnra rẹ̀, Àlàásárì ti wọlé nìyẹn. Gbogbo ọmọ kéú ló ti há èyí sórí. Mélòó nínú wọn ló ti fojú ara rẹ̀ rí i?

Bí wọ́n bá ṣe é fún ọdún kan, wọn yóò rí ohun ìyanu méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe agogo 12 ni oòrùn ń wà ní àtàrí wa ní Èkìtì. Gẹ́gẹ́ bí oṣù bá ṣe rí, ó máa ń tó agogo 12 kọjá ogún ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agogo 1. Ìdí ni pé aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, ibì kan tó jìnnà sí wa ní ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n gbé e kà.

Èkejì ni pé òjìji ọ̀sán kì í kọjú sí ibì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní ìparí oṣù Kejìlá, òjìji ọ̀pá mítà kan a máa gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 60, àríwá ni yóò sì kọjú sí. Ní ìparí oṣù Kẹfà, bí ìkúukùu bá gbà wá láyè, kò ní ju bíi sẹ̀ǹtímítà 28 lọ, gúúsù ni yóò sì kọjú sí. Ní nǹkan bíi ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, òjìji yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sí ìdí ọ̀pá, nítorí pé orí wa gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sólà ti wọlé. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ yóò fi hàn pé oòrùn ọ̀sán wà ní ìhà gúúsù wa fún oṣù tó ju méje lọ nínú ọdún. Nítorí náà, gúúsù ló yẹ kí àwo sólà kọjú sí lórí òrùlé wa, kí ó sì dagun bíi ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa ṣàn eruku rẹ̀ dànù. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá gbé e kọjú sí ibòmíràn, ọmọ ọdún méjìlá tó ti fi òkúta sàmì sí òjìji lè bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi gbé e báyìí?"

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: OMI ÀLÙWÀLÁ ÀTI OMI ÒJÒ

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Bí ilé-kéú kan bá ní ọmọ 60, tí olúkúlùkù ń lo búta omi kan tó gba lítà 2 fún Àìlá, tí ó tún lo òmíràn fún Àlàásárì, lítà 240 ni wọ́n dà nù lójúmọ́. A sì mọ̀ láti inú ìtàn Ànábì wa (SAW) pé múdù kan ni ó ń fi ṣe àlùwàlá, èyí tí kò tó lítà kan. Bí àwọn ọmọ wa bá lè mú un wá sí lítà kan péré, omi tí wọ́n fi pamọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún yóò tó lítà 600. Ẹ má sọ iye yìí fún wọn. Ẹ fún wọn ní báàfù, kí wọ́n gbe omi tó ń kán sílẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Omi tó bá dà sílẹ̀ náà kò yẹ kó di ẹrọ̀fọ̀. Ẹ la ojú àgbàrá kékeré láti ibi àlùwàlá, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ó ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi eléso. Kò gbọdọ̀ dúró sójú kan, nítorí ẹ̀fọn. Omi ilé-ìyàgbẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀fọ́.

Ti òjò ńkọ́? Ẹ gbé agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ síta, kí ọmọ kan máa fi rúlà wọn omi tó wà nínú rẹ̀ láràárọ̀. Òjò mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, yóò gba lítà 1,200 nígbà tí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ yóò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbe òjò àkọ́rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, nítorí eruku oṣù púpọ̀ ló ń fọ̀ bọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ èyí, ẹ mú wọn lọ wo ìdídò omi tó wà ní Ìtapájì. Nígbà náà ni yóò yé wọn pé ohun tí wọ́n fi agolo ṣe náà ni ìjọba fi odò ṣe. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ILẸ̀ ÀTI IGI

Ẹ gbẹ́ kòtò méjì tó jìn díẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó. Ẹ máa kó ewé gbígbẹ, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sínú ti àkọ́kọ́, ní ìpele ìpele. Ẹ wọ́n omi sí i kí ó tutù láìrin gbingbin, kí ẹ sì máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì sínú kòtò kejì. Ọ̀rá kò sí níbẹ̀ o. Kí ọmọ máa ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀, kí ó fà á yọ, kí ó sì fọwọ́ kàn án. Yóò rí i pé ó gbóná. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò di ilẹ̀ dúdú. Nígbà náà, ẹ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sórí ebè méjì, kí ọ̀kan ní ajílẹ̀ yìí, kí èkejì má ní, kí wọ́n sì wọn gíga wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ìwàásù tó lè ṣe ohun tí ebè méjì yẹn yóò ṣe.

Ní ti igi, ẹ má gbin ohun tó wù yín láìronú. Ẹ gbin èyí tí yóò ṣíji bo ibi ìkàwé sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń jó kíláàsì. Àgbálùmọ̀, òro àti ọsàn yóò fún wa ní èso. Ayìnrẹ́ ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, nítorí pé ó wà lára àwọn igi tí ń mú oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ìrókò àti arère kì í ṣe ti àwa tó gbìn wọ́n, ti àwọn ọmọ wa ni. Ẹ sì jẹ́ kí á sòótọ́ nípa Èkìtì tiwa: lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń ru gẹdú jáde. Ta ló ń gbìn? A mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ Ànábì (SAW) pé sàráà ni igi jẹ́ fún ẹni tó gbìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ ló jẹ èso rẹ̀. Kí igi kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì fi í lé ọmọ méjì mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá jáde.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: INÁ

Sūrat Yāsīn pe àkíyèsí wa sí iná tó ń ti ara igi tútù jáde. Ẹ bi àwọn ọmọ pé, ibo ni igi ti rí iná tó gbé pamọ́? Oòrùn ni. Ewé ló gbà á, igi ló tọ́jú rẹ̀, ààrò ló tú u sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fi igi dáná ń lo oòrùn àná. Ẹni tó ń lo sólà ń lo oòrùn òní.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní 2020. Àwọn tó sì ń gba èéfín yìí símú jù ni ìyá wa, arábìnrin wa, àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin náà ni a sábà ń rán lọ ṣẹ́gi.

Ẹ̀rọ ìdáná olóòrùn kò le láti ṣe. Ẹ wá páálí ńlá kan àti kékeré kan, ẹ ti ti kékeré bọ inú ńlá, kí ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí ìwé tó ti gbó dí àárín wọn. Ẹ fi bébà onífàdákà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ bo inú rẹ̀, kí ẹ fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, kí ẹ sì lo ìkòkò tí a kùn ní dúdú níta. Kí ìdérí páálí náà, tí ẹ ti fi bébà yẹn bò, dúró bíi jígí tí yóò máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa, ìrẹsì díẹ̀ yóò jinná nínú rẹ̀ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà náà, nítorí ojú wọn. Ẹ sì sọ fún wọn pé ní nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Haytham, ọmọ ìlú Basra, ti fi èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń kọ́ yìí kọ̀wé nípa jígí tí ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ títí yóò fi jó nǹkan.

Lẹ́yìn èyí ni kí á tó ra sólà, kékeré ni kí ó sì jẹ́. Àwo sólà wáàtì 100, bí ó bá rí oòrùn tó péye fún bíi wákàtí 4 lójúmọ́, yóò mú wáàtì-wákàtí 400 wá. Ẹ yọ èyí tí ń ṣòfò lọ́nà kúrò, kí á ní ó ku 300. Gílóòbù LED mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, tó tàn fún wákàtí márùn-ún, yóò jẹ 200. Ó tó fún kéú alẹ́. Bí ẹnìkan bá wá fi áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 kọ́ ọ, ọmọ tó mọ ìṣirò yóò sọ fún un pé kò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi ọwọ́ bo igun kan lára àwo náà, kí àwọn yòókù wo bí agbára rẹ̀ yóò ṣe lọ sílẹ̀. Yóò yé wọn ìdí tí a fi ń gé ẹ̀ka igi tó bá ń ṣíji bò ó. Kí wọ́n máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí a ra bátìrì sí ara rẹ̀. Àwo sólà lè lò ju ogún ọdún lọ. Bátìrì olómi kì í sábà ju ọdún márùn-ún lọ. Kí á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó bátìrì tuntun láti oṣù àkọ́kọ́. Àìṣe èyí ló sọ òpó ojú pópó di òkú òpó.

Ohun kan tún wà tí kò fẹ́ iná rárá. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ti ìdílé àwọn amọ̀kòkò ti jáde. Òun ló ki ìkòkò kékeré bọ inú ìkòkò ńlá, tó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, tó sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ìta, ó ń gbé ooru lọ, inú a sì tutù. Ìgbá tí kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 27. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní 2000. Àwa kò ní láti lọ sí Jigawa ra ìkòkò, Ìsàn-Èkìtì tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò wà nítòsí. Ẹ dán an wò nígbà ọyẹ́, kí ẹ tún dán an wò nígbà òjò, kí àwọn ọmọ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọn yóò rí i pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń ràn án lọ́wọ́ jù.

ILẸ̀, OWÓ, ÀTI IPÒ OBÌNRIN

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ilẹ̀ ọgbà bá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wàkáfù, kí ìdílé olórí-ọrẹ àti àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbin igi sí ààlà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í dúró lẹ́yìn ikú ẹni tó sọ ọ́.

Ní ti owó, ẹ̀kọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò náni ju ohun tí ilé-kéú lè dá jọ lọ. Ẹ̀yin tó wà ní yunifásítì, ìrànlọ́wọ́ yín kọjá owó. Federal University Oye-Ekiti, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá ń kọ́ nípa ilẹ̀ tàbí iná níbẹ̀ lè fún ilé-kéú kan ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù.

Ẹ má sì pín iṣẹ́ ọgbà báyìí pé kí obìnrin gbálẹ̀, kí ọkùnrin so wáyà. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń rán lọ ṣẹ́gi ni ọ̀rọ̀ ìdáná kàn jù. Kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí òun náà mọ ìdí bátìrì. Kí ibi àlùwàlá obìnrin ní ààbò tó yẹ kí á tó ronú nípa àgbàrá rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ohun wo ni ìjọba tàbí olóore gbé wá sí àdúgbò yín tó ti bàjẹ́? Ta ló yẹ kó ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

2. Lítà omi mélòó ni ilé-kéú yín ń lò fún àlùwàlá lójúmọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dáhùn.

3. Ìhà wo ni òjìji ọ̀sán kọjú sí ní oṣù yìí? Kí ni èyí sọ fún wa nípa sólà?

4. Ta ni ilẹ̀ ilé-kéú yín wà lórúkọ rẹ̀? Ǹjẹ́ ìwé wà?

5. Nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, ta ni yóò sì máa kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀?

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí owó sólà yóò dé. Ọ̀pá wà, òkúta wà, oòrùn sì yọ lónìí. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i.